Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú Lórí Ìwé Ilẹ̀ Oko àti Owó Báńkì

Láti ọ̀dọ̀ àwa àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àwọn ìyá tó ń yan gàrí, agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó

Alága wa,

A kí yín, a kí àwọn káńsẹ́lọ̀ yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ owó yíyá ló gbé wa wá.

Kò sí ibi tí wọn ò ti mọ gàrí Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ń lò tó ọdún kan nínú ilẹ̀ kó tó gbó. Bí a bá hú u, tí a lọ̀ ọ́ tán, ó tún di dandan kó wà nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, kó fi kan dáadáa, ká tó yan án. Owó lébìrà àti owó igi ẹ̀gẹ́ kì í dúró dè wá. Àwọn gbọ́múléláńtà ló ń yá wa, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n sì ti ń gba owó wọn padà, nígbà tí ẹ̀gẹ́ kò tíì yọ orí. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ta oko tútù fún alágbàtà kó lè rí i san. Iye tó bá wu alágbàtà ló ń dá lé e.

A ti dé báńkì. Nígbà ìgbìn tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa mú ìwé tí ẹbí rẹ̀ fi pín ilẹ̀ fún un lọ, àwọn àgbà ilé ti tẹ̀ka sí i. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kà á tán, ó ká a bó ṣe wà, ó ní: "Ìyá, C of O là ń béèrè." C of O yìí ni ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fúnni. Ta ni yóò gbà á nítorí oko éékà méjì?

Láti 1977 ni òfin ti dá àpò owó kan sílẹ̀ lábẹ́ Báńkì Àpapọ̀ láti dúró fún àgbẹ̀ tó bá yá owó báńkì. Bí kò bá rí i san, tí báńkì sì ti ta ohun ìdúró rẹ̀, àpò yìí ni yóò san 75% èyí tó kù. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n báńkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà láti yáni, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì ti ń dá wa padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín rèé. Abala kẹfà Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti fúnni ní ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ ní ìlànà ìbílẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro, tí kò bá ju 500 hẹ́kítà lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lo agbára yìí fún wa. Ẹ rán òṣìṣẹ́ ilẹ̀ yín sí oko wa, kí baálẹ̀ àti olórí ẹbí jẹ́rìí sí ààlà, kí oníkálukú gba ìwé tó ní òǹtẹ̀ yín, ní iye tí opó tó ní éékà kan lè san. Kí orúkọ obìnrin tó ń dá oko wà lórí ìwé tirẹ̀, kì í ṣe orúkọ ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Èyí ká wa lára gan-an, torí àwọn ìyá ló pọ̀ jù nínú wa.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá wa pe àwọn máníjà báńkì jókòó, kí wọ́n lè gba ìwé yìí, kí wọ́n sì fi sísan owó sí ìgbà tí a bá hú ẹ̀gẹ́.

Orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti abúlé tí oko wọn wà ló so mọ́ ìwé yìí. A fẹ́ kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó dé. Ọjọ́ tí ẹ bá dá fún wa la ó wá.

Àwa ni tiyín,
Alága, Akọ̀wé àti Ìyá Ẹgbẹ́