Sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Fi Kọ̀ǹpútà Yàwòrán Ilé

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọ̀kan nínú yín ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣì ń kí mi ní Bódìjà. Ó gba iṣẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Àpáta. Ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yàwòrán ilé tó ń dán bíi dígí, oníbàárà sanwó. Ó wá fipá mú pílánù bá àwòrán mu. Ìgbà tí wọ́n da dẹ́kìn, kọnkéré àjà òkè, tán ni fọ́máànù gun àtẹ̀gùn, ló bá forí sọ kọnkéré. Wọ́n pe ọmọ náà, ó pa fóònù. Títí di òní, kò sí n'Ìbàdàn.

Ọmọ yẹn mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ẹ má sọ pé bàbá arúgbó kórìíra ẹ̀rọ o. Orí ìwé tírésìn la ti bẹ̀rẹ̀. Bí tàdáwà bá ṣì, abẹ fẹ́lẹ́ la fi ń ha á, jẹ́jẹ́, kí ìwé má baà ya. Nígbà tí AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya pílánù, dé, èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó tì í ní ẹ̀ka wa. Mo tibẹ̀ bọ́ sídìí fídíò, mo bá àwọn onítíátà to ìtàgé, mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń rìn nínú ilé tí a kò tíì kọ́, lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe. Wọ́n rò pé ó dùn mí ni.

Èmi náà ti ṣubú rí. Mo ya ilé kan ní Òkè-Àdó, fèrèsé yàrá gbòòrò, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó wù mí lójú kọ̀ǹpútà. Ìyá onílé ránṣẹ́ pè mí: "Bàbá àkítẹ́ẹ̀tì, ẹ wá sùn níbí láago mẹ́rin ọ̀sán." Mo lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi rin gbingbin. Oòrùn inú kọ̀ǹpútà kì í pa ẹnikẹ́ni.

Ẹ ó ní Demas Nwoko kò ka ìwé àkítẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà níbi ìpàtẹ àwọn àkítẹ́ẹ̀tì ní Venice ní 2023. Bẹ́ẹ̀ ni! Ayàwòrán ni, agbẹ́gilére ni, ó to ìtàgé, ó kọ́ni ní tíátà ní UI, Yunifásítì Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ta ló po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì títí ó fi di búlọ́ọ̀kù? Ṣé ẹ ti fọwọ́ kan ògiri ilé ìjọsìn tó kọ́ fún àwọn Dominican, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, níbí? Ẹ kò tíì débẹ̀! Ẹ kàn ń fi orúkọ rẹ̀ bo ọ̀lẹ.

Ẹ lọ gun Láyípo, ilé gogoro Bower's Tower, ní Òkè Ààrẹ. Láti 1936 ló ti wà níbẹ̀. Èjìká yín ni yóò sọ fún yín bí àtẹ̀gùn ṣe ń há. Ẹ ra téèpù, kì í ṣe èyí tó wà nínú fóònù. Láti orí àtẹ̀gùn dé abẹ́ dẹ́kìn, bí kò bá tó mítà méjì, ẹ tún un yà. Ní UI, ẹ wo àwọn ilé tí Fry àti Drew, àwọn àkítẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì, yà, bí atẹ́gùn ṣe ń gba ara sìmẹ́ńtì oníhò wọlé tí oòrùn kò ráyè. Kí ẹ tó fi pílánù ránṣẹ́, ẹ fi han bíríkìlà àgbà kan. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ bi í léèrè.

Àtẹ̀gùn Àpáta yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ẹ bá rí ọmọ náà, ẹ sọ fún un pé a ti fọ́ ibi tó dí lára dẹ́kìn, onílé sì ti rọlẹ̀. Kó máa bọ̀. Ó ku ẹni tí yóò bá mi di etí téèpù kejì mú.