Ẹni tí a ní kó ṣọ́ ilé

Àgbọ̀wọ́, Ìbàdàn

Àyọ̀ká ọ̀rẹ́ mi,

Òtútù Kánádà ńkọ́? Níbí, òjò ti sọ àdúgbò wa di ẹrẹ̀, bàtà mi kò gbẹ láti ọjọ́ Ajé.

O bi mí bóyá òfin àgbáyé tí mo ń kọ́ yìí kì í ṣe ariwo lásán, nígbà tí kò sí ọlọ́pàá tí yóò mú ìjọba tó bá rú u. Ohun tí èmi náà gbé wọ kíláàsì nìyẹn. Olùkọ́ wa kò tilẹ̀ dáhùn, ẹjọ́ Bakassi ló gbé síwájú wa, ilẹ̀ etíkun tí àwa àti Kamẹrúùnù jọ ń jà lé lórí. Kamẹrúùnù pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní 1994 sí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà fún Kamẹrúùnù ní 2002. Bọ́lá Ajíbọ́là, ọmọ Abẹ́òkúta, tí Nàìjíríà yàn gẹ́gẹ́ bí adájọ́ sórí ìjókòó náà, kò bá wọn fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ kò borí. Ọlọ́pàá kankan kò wá. Síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2008, a fa Bakassi lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ pátápátá. Ẹnu mi wọhò.

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè bá ara wọn ṣe nìkan kọ́ ló ń di òfin àgbáyé o, àṣà náà wà níbẹ̀. A ń jẹ àmàlà lójoojúmọ́ n'Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó ní ẹni tó jẹ iyán jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó má kí ìyá ọkọ ẹ̀! Àṣà tí orílẹ̀-èdè gbà pé ó di dandan báyìí nìkan ni òfin.

Ibi tó ń dùn mí nínú ẹjọ́ Bakassi nìyí. Ní 1884, àwọn ọba Kàlàbá bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ààbò, pé kó máa dáàbò bò wọ́n. Ní kóòtù, Nàìjíríà ní Kàlàbá ló ni Bakassi, pé ẹni tí a ní kó bá wa ṣọ́ ilé kò lè tà á, pé Gẹ̀ẹ́sì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi Bakassi fún Jámánì, tó ń ṣàkóso Kamẹrúùnù nígbà náà, ní 1913. Ilé-ẹjọ́ kò gbà: wọ́n ní àdéhùn tí wọ́n bá irú àwọn ìjòyè bẹ́ẹ̀ ṣe kì í ṣe ti ìlú olómìnira sí ìlú olómìnira. Mo pa ìwé dé. Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè Ìbàdàn náà fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ní 1893. Ṣé ìgbà tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ nìkan ni ìfọwọ́sí wa wúlò ni?

Mo gbọ́ pé àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ní Kánádà náà ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, àti pé òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1982 dá a mọ̀. Jọ̀wọ́, bá mi bi àwọn tó wà nítòsí rẹ bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ ìwé àdéhùn náà ní kóòtù. Fi èsì ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ náà ni ìdánwò wa.

Èmi ni tìrẹ,
Dúpẹ́