Lọ́kọ́jà: Àwa Onílé Náà Fẹ́ Wòran

Sí Olóòtú,

Òkun o! Mo kí gbogbo ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí láti Felele, ní Lọ́kọ́jà.

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ ni mo bá wá. Nígbàkígbà tí àwọn aláṣẹ wa bá dé orí rédíò láti sọ̀rọ̀ nípa ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, àlejò ni wọ́n máa ń ké sí: òyìnbó tó fẹ́ wá ya fọ́tò, ọlọ́lá tó fẹ́ sá fún ariwo Àbújá ní òpin ọ̀sẹ̀. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ké sí èmi tí mo ń gbé inú ìlú náà. Owó ilẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń rántí mi fún. Bẹ́ẹ̀ àwa onílé náà lójú, àwa náà fẹ́ wòran.

Olùkọ́ ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ìjùmú ni mí, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́jà ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi. Àwa ará Òkun, àwa Yorùbá ilẹ̀ Kogi, tí a dàgbà sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara mọ̀ pé Ìlọrin là ń lọ nígbà náà tí a bá ní ohun tí a fẹ́ bá ìjọba sọ. Láti oṣù kẹjọ 1991 tí wọ́n ti dá Kogi sílẹ̀ ni Lọ́kọ́jà ti di olú-ìlú wa. Ìlú náà kì í ṣe ọmọ àná. Ibẹ̀ ni Lugard ti ta àsíá ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1900, tó sì kéde pé ìjọba Àríwá ti bẹ̀rẹ̀. Kí Lugard tó dé ni Baikie ti tẹ̀dó síbẹ̀, oníṣègùn tó fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kuiníìnì lò nínú ọkọ̀ Pleiad ní 1854, tí wọ́n fi gòkè odò, tí wọ́n sì padà láìsí ẹni tí ibà pa, nígbà tó jẹ́ pé ìpakúpa ni ibà ń pa àwọn tó ti lọ ṣáájú wọn. Gbogbo èyí ni mo ti kọ sójú pátákó fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí àbúrò mi wá kó àwọn ọmọ rẹ̀ láti Ìbàdàn wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ fi ojú rí i.

Inú kẹ̀kẹ́ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ń pariwo ní èdè Ìbàdàn, "Màmá Lọ́kọ́jà, ẹ wo òkè yẹn!" Bí ọlọ́kẹ̀kẹ́ ṣe gbọ́ ọ báyìí, owó ọkọ̀ di ìlọ́po méjì. Ìgbà tí mo fi Hausa bá a wí ni ojú rẹ̀ tó wálẹ̀. Ó ní òun rò pé àlejò ni wá ni. Ẹ gbọ́ mi, àbí ó yẹ kí wọ́n yan àlejò jẹ?

A kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity, tí a ń kọ́ ọmọ pé Crowther dá sílẹ̀ ní 1865. Ibẹ̀ ni àwọn irin òmìnira wà, irin méjì tó dúró lóòró níbi tí wọ́n ti ń tú ẹrú sílẹ̀. Olùkọ́ kan tí a bá lọ́gbà, tí ìsinmi kò tilẹ̀ jẹ́ kí iṣẹ́ kankan wà lọ́wọ́ rẹ̀, bá wa dé ìdí irin náà, ó sọ ìtàn rẹ̀, ó jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án. Kò béèrè kọ́bọ̀. Àbíkẹ́yìn wọn bi í pé ṣé ẹni tó bá kọjá láàárín irin méjèèjì ló di òmìnira ni, olùkọ́ sì ní kó gbìyànjú rẹ̀ wò. Ó kọjá, ó tún kọjá, ó ní òun kò ní lọ síléèwé mọ́. A rẹ́rìn-ín títí.

Ibi tó dára náà nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a dé ilé àtijọ́ kan tí nǹkan ìjọba òyìnbó wà nínú rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí n kò fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àgádágodo ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí àkọlé tó sọ ìgbà tí wọ́n ń ṣí i. Nígbà tí a ti kan ilẹ̀kùn títí, ọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní ṣé a ti kọ lẹ́tà. Lẹ́tà wo? Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, ọ̀gá kò sì sí nítòsí. Mo ní olùkọ́ ni mí. Ó wo àwọn ọmọ, ó wo àpò mi, ó ní ká mú ₦2,000 wá, òun yóò bá ọ̀gá sọ ọ́. Nígbà tí mo béèrè rìsíìtì, ó bú sẹ́rìn-ín: "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ gbé mi lọ sílé ẹjọ́ ni?" Tọkọtaya kan tó dé lẹ́yìn wa san ₦1,000. Àwọn ọ̀dọ́langba kan tó mọ̀ ọ́n kí i ní Nupe, wọ́n sì wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni iye owó ibẹ̀ gan-an? Títí di òní, ẹni tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Owó yẹn kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé kí n tó lè wo ohun tó jẹ́ ti ìlú mi, mo ní láti bẹ ẹnì kan, tàbí kí n mọ ẹnì kan.

A gun Òkè Patti. Ọ̀nà ọ̀dà gòkè dé orí rẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn bíi tèmi lè fi ọkọ̀ gùn ún, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Láti òkè yẹn ni èèyàn ti ń rí i bí omi Ọya àti ti Bẹ́núè ṣe ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, kí wọ́n tó wá dàpọ̀. Àwọn ọmọ dákẹ́ nígbà tí wọ́n rí i, ìyẹn kò sì wọ́pọ̀ lára wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi ara rẹ̀ ṣe amọ̀nà wa sọ pé ibí gan-an ni Flora Shaw, ìyàwó Lugard, dúró sí, tó wo odò, tó sì sọ orílẹ̀-èdè wa ní Nàìjíríà. Mo ní rárá o. Inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni obìnrin yẹn ti gbé orúkọ náà jáde, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìn-ín-ní 1897. Lugard kò tíì fẹ́ ẹ nígbà náà. Ọdún 1902 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Amọ̀nà wa ní bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún òun nìyẹn. N kò dá a lẹ́bi. Kò sí pátákó kan lórí òkè náà tó lè kà, kò sí ìwé pélébé kan tí wọ́n fún un, ẹnu ẹni tó ti ń sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Mo sì rí i pé ara igi oṣè ńlá tó wà lókè yẹn ti kún fún orúkọ àwọn olólùfẹ́ tí wọ́n fi ọ̀bẹ kọ. Ìwé kò sí lára pátákó, ara igi ló wà.

Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ti ń gbọ̀n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ bi èyíkéyìí nínú àwọn ìyá tó ti mú ọmọ rìn ní Lọ́kọ́jà rí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a kọ́kọ́ rí, títì pa ni. A sọ̀ kalẹ̀, ọmọ náà di ikùn mú, ó ń làágùn. Ìyá olóúnjẹ kan nísàlẹ̀ ló ṣàánú wa, ó bu omi sínú kẹ́tìlì, ó ní ká lọ sí ṣálángá ẹ̀yìn ilé òun. Ká ní ọmọ àlejò láti òkè òkun ni, ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni wọn ì bá fi sáré gbé e padà sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọjọ́ yẹn ni mo rántí Hyderabad. Mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ìlú yẹn ní Íńdíà fún iṣẹ́ abẹ ọkàn, a sì ní láti dúró kí dókítà tó gbà pé ó lè wọ bàálù. Bàbá tó ni ilé tí a wọ̀ sí, òṣìṣẹ́ báǹkì tó ti fẹ̀yìn tì, mú wa jáde ní ọjọ́ Sunday kan láti fi ìlú rẹ̀ hàn wá. Èmi ni mo lọ wòran o, ṣùgbọ́n bàbá ni inú ń bí. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ Márúwá (tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ) kọ̀ láti tan ẹ̀rọ tó ń ka owó, bàbá bá a fa ọ̀rọ̀ náà títí, ó sì san iye tí ìyẹn pè. Nígbà tí a dé Charminar, ilé tó ní gogoro mẹ́rin tí ọba wọn, Muhammad Quli Qutb Shah, kọ́ ní 1591, àwọn tó ń ta ẹ̀gbà ọwọ́ ti gba gbogbo ibi tó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ rìn. Àárín títì ni a ń rìn, tí ọkọ̀ ń fọn fèrè sí wa létí. Ní ilé odi Golconda, níbi tí èèyàn ti lè pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ibodè kí wọ́n gbọ́ ọ lórí òkè pátápátá, àwọn kan ti họ orúkọ wọn sára ògiri, itọ́ pupa ewé paan tí wọ́n ń jẹ sì wà ní igun ibi gbogbo. Bàbá ń bẹ̀ wá bí ẹni pé òun ló tu itọ́ náà. Ó ní, "Ẹ̀yin máa lọ, ẹ máa gbàgbé. Èmi ni mo tún máa gba ibí kọjá lọ́la." Ìyàwó rẹ̀ kò dá sí i, ó ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbé kúrò lọ́kàn. Lẹ́nu ọ̀nà Charminar, pátákó wà. Iye tí ọmọ ilẹ̀ Íńdíà ń san wà lára rẹ̀, iye tí àlejò ń san sì wà, tiwa ju tiwọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní mẹ́wàá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 kì í san nǹkan kan. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún mi ní iye owó lára. Tayọ̀tayọ̀ ni mo san owó àlejò mi, nítorí mo rí i kedere pé ẹnì kan ti jókòó, ó ti ro ti onílé mọ́ ọn.

Bàbá yẹn tún mú wa lọ wo igi àjàgbọn kan nínú ọgbà ilé ìwòsàn Osmania, igi tí àwọn Hausa ń pè ní tsamiya. Ní oṣù kẹsàn-án 1908, odò Musi kún bo ìlú náà, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Àwọn bí 150 gun igi yẹn, wọ́n sì yè. Títí di òní, wọ́n ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún láti rántí. Ọba wọn pe onímọ̀ ẹ̀rọ Visvesvaraya kó wá wo bí omi kò ṣe ní ṣe irú rẹ̀ mọ́. Adágún Osman Sagar tí wọ́n ṣe láti dá omi náà dúró parí ní 1920, Himayat Sagar ní 1927. Odò Musi tí mo rí ń rùn o, bàbá sì bú ẹni tó ń da ìdọ̀tí sí i. Ṣùgbọ́n ìrántí wà.

Ní tiwa, omi kún ní 2012, ó tún kún ní 2022, tí ọkọ̀ Àbújá kò lè kọjá, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi rìn lójú títì Ganaja. Àwọn ọmọ Ìbàdàn bi mí pé ibo ni omi náà dé. Mo fi ọwọ́ júwe ògiri kan. Onílé ti kùn ún. Kí ló dé tí a kò lè ri òpó kan síbẹ̀, ká fa ìlà sí i lára, ká kọ 2012 àti 2022 sí i? Mo mọ̀ dájú pé àwa ará ìlú ni yóò kọ́kọ́ lọ wò ó, nítorí olúkúlùkù yóò fẹ́ fi ìlà náà wọn ara rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò pọ̀, kò sì tó ohun tí wọ́n ń ná sórí ìpàdé ọjọ́ kan. Ẹ kọ iye owó sára pátákó, kí rìsíìtì tẹ̀lé e, kí onílé san kékeré, kí ọmọ iléèwé má san rárá. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ ń ṣílẹ̀kùn, kí ẹ sì ṣí i ní wákàtí náà. Ẹ ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí omi wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ní ká san ₦100, a ó san án. Ẹ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń mú èèyàn kiri ní ìtàn tòótọ́, wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ará Lọ́kọ́jà ẹgbẹ́ mi, ìjọba kọ́ ló ń ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sétí Odò Ọya, mo rí yín.

Bí wọ́n bá fẹ́ kọ pátákó ti Òkè Patti, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹni tó máa kùn ún tó gbé búrọ́ọ̀ṣì, mo wà ní Felele, n kò ní gbowó. Kí wọ́n ṣáà má kọ ọ́ síbẹ̀ pé lórí òkè yẹn ni Flora Shaw ti sọ wá lórúkọ, nítorí mo máa gun òkè náà lọ pa á rẹ́ fúnra mi, ẹsẹ̀ ìbáà dùn mí.

Èmi ni,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì,
Felele, Lọ́kọ́jà.