Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ Màmá

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé mo jẹ ọ́ ní lẹ́tà. Má bínú, ọ̀rọ̀ Màmá ni kò jẹ́ kí n ráyè jókòó.

O rántí bí wọ́n ṣe máa ń rìn, tí àwa méjèèjì á máa sáré tẹ̀lé wọn? Ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti ń dúró lójú àtẹ̀gùn. Tí wọ́n bá dé ìgbésẹ̀ kẹfà, wọ́n á di irin mú, wọ́n á ní àwọn ń wo ìta. Kò sí nǹkan kan níta. A ò fura. Àní à ń dúpẹ́ pé wọ́n ti ń sinmi. Ohunkóhun tó bá ti ń mú wọn mí hẹlẹhẹlẹ, ńṣe ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò ráhùn. Àfi ọjọ́ tí wọ́n sáré gun òkè lọ dá fóònù lóhùn, tí òòyì gbé wọn ṣubú.

Dókítà gbé ẹ̀rọ sí àyà wọn, ó gbé e sí ọrùn, ó dákẹ́, ó tún dá a padà sí àyà. Ó ní òun ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń fipá gba ibi tóóró. Àwòrán ọkàn sì jẹ́rìí sí i: ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde láti ọkàn sí gbogbo ara ti gan, ó ti fún. Ojú ihò tó yẹ kó tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 3 sí 4, tiwọn kò pé 1. Kò sí oògùn tó lè là á, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọn ò ní la àyà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ itan ni wọ́n máa gbà gbé tuntun wọlé, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nílẹ̀ Faransé ní 2002. Màmá ní ṣé tuntun náà ò ní máa dún bí aago.

Àbúrò mi bímọ, obìnrin. Iṣẹ́ mi ṣì wà bó ṣe wà.

Àbẹ̀kẹ́, nínú lẹ́tà rẹ tó kọjá, ìlà kan péré lo fi sọ pé o dákú níbi tí o ti ń sáré, o ní ebi ni. Ṣé ebi náà ni? Mi ò gbàgbé ohun tí dókítà sọ fún ìyá rẹ nígbà tí a wà lọ́mọ ọdún 11, pé ọkàn rẹ ń dún. O ò padà débẹ̀. Awẹ́ 3 ni ilẹ̀kùn yẹn máa ń ní, ṣùgbọ́n wọ́n ń bí àwọn kan pẹ̀lú 2, tiwọn sì máa ń tètè fún. Jọ̀ọ́, má sáré mọ́ títí wọn yóò fi ya àwòrán ọkàn rẹ. Lọ lọ́sẹ̀ yìí. Sọ fún wọn pé ìgbà tí ò ń sáré lo dákú. Má pè é ní àárẹ̀. Bí o bá ti ń ti ibẹ̀ bọ̀, pè mí, ì báà jẹ́ òru.

Tìrẹ,
Àṣàkẹ́