Ẹ dárúkọ àwọn tó kú

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú làálàá. Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde lórí ètò ìrántí àwọn sójà tó bógun lọ, èyí tí wọ́n ṣe ní Gbàgede Tafawa Balewa níbí l'Ékòó lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní. Akọ̀ròyìn yín ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó dárúkọ gómìnà, ó dárúkọ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó dárúkọ adájọ́ àgbà, àwọn ọ̀gá ológun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfuurufú, àwọn ọba tó yọjú, pásítọ̀ tó gbàdúrà àti lèmọ́mù tó tẹ̀lé e. Ó tilẹ̀ rántí àwọn ẹyẹlé tí wọ́n tú sílẹ̀, èyí tó kọ̀ tí kò fò nínú wọn sì gba ìlà méjì gbáko. Mo kà á tán, mo tún un kà. N kò rí orúkọ òkú kan ṣoṣo níbẹ̀.

N kò bá akọ̀ròyìn yín wí o. Kí ló fẹ́ rí kọ? Ẹnikẹ́ni kò ka orúkọ òkú síta níbẹ̀. Gbogbo àwọn èèyàn ńlá fi òdòdó lélẹ̀ níwájú ère kan tó dúró fún gbogbo àwọn tó kú, wọ́n fọn fèrè, wọ́n yìnbọn, wọ́n bọ́ sínú mọ́tò. Àwọn opó sójà tó jókòó nínú oòrùn láti àárọ̀ gba àpò ìrẹsì, àwọn náà sì lọ. Bó ṣe ń rí lọ́dọọdún nìyẹn.

Àwa tí a dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò ṣàjèjì sí sójà tí kò lórúkọ. Kí wọ́n tó gbé e kúrò, ère sójà kan wà ní Ìdúmọ̀tà, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ìrántí àwọn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Sójà Ìdúmọ̀tà ni gbogbo Èkó ń pè é. Awakọ̀ ń fi pe èrò, ìyá ọlọ́jà ń fi júwe ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n bá sì rán ọmọ níṣẹ́ tó dúró gbagidi sójú kan, wọ́n á bi í bóyá òun ni Sójà Ìdúmọ̀tà. Orúkọ ibi tó dúró sí ni a fún un. Ta ni àwọn tó dúró fún? Kò sẹ́ni tó bi wá, àwa náà kò sì béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú wọn rí. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, ọwọ́ Jámánì ni ilẹ̀ Kamẹrúùnù wà. Àwọn sójà láti Nàìjíríà wà lára àwọn tó wọ ibẹ̀ lọ. Duala bọ́ lọ́wọ́ Jámánì ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ṣùgbọ́n orí òkè Mora kò juwọ́ sílẹ̀ títí di oṣù kejì ọdún 1916. Wọn kò tíì sinmi tí wọ́n fi kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Ìlà Oòrùn Áfíríkà, níbi tí a ń pè ní Tansaníà lónìí. Òjò ọdún 1917 ká wọn mọ́ etí odò Rufiji. Oúnjẹ kò dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ń wa gbòǹgbò inú igbó jẹ. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n bá Jámánì wọ̀yá ìjà ní Mahiwa fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì burú tó bẹ́ẹ̀ tí ìhà méjèèjì ń ka òkú.

Àwọn tó gbébọn nìyẹn o. Lẹ́yìn wọn ni àwọn aláàárù wà. Eṣinṣin tó ń gbé àìsàn ìsùn kiri kò jẹ́ kí ẹṣin àti màlúù pẹ́ láyé lápá ibẹ̀, nítorí náà orí èèyàn ni wọ́n fi ru ọta, ìrẹsì, àgọ́ àti àwọn sójà tó gbọgbẹ́. Ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn pa wọ́n ju ìbọn lọ. Ní Nairobi, ère kan wà láti ọdún 1928 tó ní aláàárù nínú, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn aláàárù ni ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àwọn ọmọ ogun. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé, bí ìwọ bá jà fún ilẹ̀ rẹ, bí o tilẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ yóò rántí orúkọ rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kó ṣẹ ni, àwọn orúkọ náà ni ìbá kọ́kọ́ kọ.

Ìdí tí wọn kò fi kọ wọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfẹnusọ mọ́. Ní ọdún 2021, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn ológun Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì gbé àbọ̀ ìwádìí jáde nípa ara rẹ̀. Ó kéré tán, àwọn 116,000 tó bá Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní lọ ni kò sí orúkọ wọn níbì kankan, ó sì ṣeé ṣe kí iye náà tó 350,000. Àwọn ará Ìlà Oòrùn Áfíríkà àti ará Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn. Àjọ yìí kan náà ló ń fún òyìnbó kọ̀ọ̀kan ní òkúta tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, ìbáà ṣe ọ̀gágun, ìbáà ṣe kúrúùtù. Nínú ìwé wọn àtijọ́ ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ tí Guggisberg, gómìnà Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, bá wọn sọ ní ọdún 1923, pé ọmọ ìbílẹ̀ lásán níbẹ̀ kò ní mọ ohun tí wọ́n ń fi òkúta orí sàréè ṣe. Mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìde nílé aṣòfin wọn lọ́dún 2021 náà, ó tọrọ àforíjì.

Ọmọ ìbílẹ̀ kò mọ iyì orúkọ òkú! Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún àwa tí a kì í jí láàárọ̀ kí a má ki bàbá ẹni tó ti kú tipẹ́, tí obìnrin ilé á dárúkọ baba ńlá ọkọ rẹ̀ láti ìran dé ìran kó tó fọ́nná!

Ṣùgbọ́n kí n má di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Àwa náà, nínú ogun tiwa, àwọn olórí ogun là ń ki. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àgọ́ rẹ̀ kò tú tán títí di 1893, a mọ Látòósà, a mọ Ògèdèǹgbé, a mọ Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí. Àwọn tó kú sáàárín àgọ́ méjèèjì ńkọ́? Láti 1960 ni ilé ti di tiwa, àyè láti kọ orúkọ sì wà lọ́wọ́ wa láti ìgbà náà.

Ẹ wo ogun Bọ́mà, ilẹ̀ tí a ń pè ní Myanmar lónìí, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ sójà ní 1942 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan dènà dè wọ́n ní àfonífojì Kaladan, ìbọn ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Òun àti ọmọ Sàró kan sá pamọ́ sínú igbó, àwọn àgbẹ̀ Mùsùlùmí abúlé ibẹ̀ ń gbé oúnjẹ fún wọn ní bòókẹ́lẹ́ títí tí wọ́n fi rí wọn gbà sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Ó padà délé, ó sì fúnra rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀ kó tó kú ní 2012. Ìdí tí a fi mọ̀ ọ́n nìyẹn. Àwọn tí ìbọn pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kò padà wá kọ nǹkan kan. Àwọn tí wọn kò rí sàréè wọn ní Bọ́mà, orúkọ wọn wà lára àwọn òpó òkúta ní Taukkyan, lẹ́bàá ìlú Rangoon, pẹ̀lú àwọn mìíràn tó fẹ́ẹ̀ tó 27,000. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan orúkọ ọmọ Nàìjíríà tó kú lọ́hùn-ún, àfi kó wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Bọ́mà.

Ẹlòmíràn á ní ibo la ti fẹ́ rí orúkọ wọn lẹ́yìn ọdún tó pọ̀ tó báyìí. Ìṣòro wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nínú ìwé ológun ayé ìgbà náà, akọ̀wé tó ń gbà wọ́n síṣẹ́ kì í sábà béèrè orúkọ bàbá. Orúkọ tó bá ti lè gbọ́ ni yóò kọ, yóò wá fi ìlú tì í lẹ́yìn. Òjó tó ti Ìbàdàn wá á di Ojo Ibadan, Bẹ́lò tó ti Ìlọrin wá á di Belo Ilorin, nọ́ńbà ológun ni wọ́n sì fi ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ọmọ-ọmọ Òjó tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn lónìí lè rí i lórí ìwé kó má mọ̀ pé bàbá òun ni. Ìwé nìkan kò lè tú okùn yìí. Ẹni tó lè tú u ni ìyá àgbà kan ní agbo ilé kan tó ṣì rántí pé àbúrò bàbá àwọn lọ sí Bọ́mà tí kò bọ̀, tí lẹ́tà ìjọba wà nínú àpótí, tí mẹ́dà wà lára ògiri. Àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ìdí tí mo fi ń kánjú nìyí.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi gbà pé ó ṣeé ṣe. Nígbà tí wọ́n pa sójà mẹ́tàdínlógún ní Okuama ní ìpínlẹ̀ Delta ní oṣù kẹta ọdún 2024, orúkọ gbogbo wọn jáde, ti ọ̀gá àti ti ọmọ iṣẹ́, pẹ̀lú ipò oníkálùkù. Ààrẹ lọ síbi ìsìnkú wọn l'Ábújá. Gbogbo ìlú ló ka orúkọ náà, àwọn kan sì rí ọmọ àdúgbò wọn níbẹ̀. Kí ló dé tí àwọn tó ń kú ní Borno láti ọ̀pọ̀ ọdún wá kì í rí irú rẹ̀ gbà? L'Ádó-Èkìtì, ọgbà Fajuyi ni wọ́n ti ń ṣe ìrántí yìí, kò sì sí ọmọ Èkìtì tí kò mọ Fajuyi àti bó ṣe kú pẹ̀lú Ironsi ní 1966. Ó tọ́ sí i. Àwọn ọmọ Èkìtì tó kú sójú ogun láti 1967 sí 1970 ńkọ́?

Nípa ogun yẹn, n ó sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn kan lè torí rẹ̀ bínú sí mi. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ni a ń ṣe ìrántí tẹ́lẹ̀. Nítorí pé ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí ni wọ́n ṣe gbé e wá síbẹ̀. Gowon sì sọ pé kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tó kú ní ìhà Biafra náà ní orúkọ, ó sì yẹ kí ìwé kan wà tí yóò gbà wọ́n. Ọ̀rọ̀ tiwa níhìn-ín náà kò ṣàì díjú: ní 1918, nígbà Ogun Adùbí tí àwọn Ẹ̀gbá dìde sí ìjọba òyìnbó, lára àwọn sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà dé ni wọ́n kó lọ kojú àwọn Ẹ̀gbá. Ẹ kọ tàwọn sójà, kí ẹ kọ tàwọn Ẹ̀gbá pẹ̀lú.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan ní gbọ̀ngàn rẹ̀ tí ẹbí lè wá fi orúkọ òkú wọn sí, tòun ti agbo ilé rẹ̀ àti ibi tó kú sí. Kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá rí wé àkọsílẹ̀ àjọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ ìrántí, kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ ìkíni àwọn èèyàn ńlá kúrú, kí ọmọ ilé-ìwé kan bọ́ sí iwájú kó ka orúkọ tí wọ́n bá rí lọ́dún náà. Bí wọn kò bá tíì kà tán, kí wọ́n máa bá a lọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú wa, ẹ fi ojú ìwé kan sílẹ̀ ní gbogbo oṣù kìíní. Ẹ jẹ́ kí àwọn òǹkàwé máa kọ orúkọ ránṣẹ́, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, kí Òjó má tún di ohun mìíràn lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ kò bá ní ẹni tí yóò to orúkọ náà, mo lè máa wá sí ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ Tọ́sìdeè láti tò ó ní a, b, d fún yín. N kò ní gba kọ́bọ̀, ojú mi ṣì ríran dáadáa, ilé mi kò sì jìnnà sí ibùdókọ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Ìsàlẹ̀ Èkó.