Ẹ Jẹ́ Kí Olùkọ́ Máa Wo Olùkọ́ Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Lẹ́nu Iṣẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ ìlọsíwájú àwa olùkọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi tó aráàlú létí, pàápàá jù lọ àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní Kwárà. Kì í ṣe ti owó oṣù, nítorí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ wa kò dákẹ́ lórí ìyẹn.

Ẹni tó ní NCE, ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìpele 07, ẹni tó ní dìgírì ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 08, ìgbéga á sì máa tẹ̀ lé iye ọdún àti ìwé-ẹ̀rí. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé-ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fi àkókò ìsinmi gígùn lọ kàwé kún ìwé ní Ìlọrin, àwọn mìíràn gba ọ̀dọ̀ NTI, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Kàdúná, kọjá, a sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1993 ṣe là á kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè ṣe gbogbo èyí, kó sì fẹ̀yìn tì, láìjẹ́ pé olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan wo bó ṣe ń kọ́ni rí láti ìgbà tó ti ṣe TP, ìdánrawò ìkọ́ni ìgbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, tán.

Ẹnìkan á ní àwọn alábẹ̀wò ń wá. Òótọ́ ni, àmọ́ a kò lè tan ara wa jẹ: kí wọ́n tó dé, a ti gbálẹ̀, a ti sáré kọ nóòtì ẹ̀kọ́ tó ti pẹ́ tó yẹ kó wà nílẹ̀, a sì ti gbé ọmọ tó mọ̀wé jù síwájú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ètò KwaraLEARN ti ìjọba ìpínlẹ̀ gbé táàbù tí wọ́n fi ń ka nóòtì ẹ̀kọ́ lé lọ́wọ́ láti ọdún 2022, ti fi hàn pé àgbà olùkọ́ lè kọ́ ohun tí kò fọwọ́ kàn rí. Mo gbóríyìn fún wọn. Síbẹ̀, ojú ènìyàn ni yóò rí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn tí kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí à ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ohun tí mo rí. Màmá kan tí wọ́n ń kọ́ni ní ìṣirò nílé-ìwé wa gbà kí n wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì JSS 1 wọn. Wọ́n kọ 3/4 + 1/8 sójú bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n wọn kò bèèrè ìdáhùn. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé, "Ṣé ohun tí a máa rí yóò ju odidi kan lọ, àbí kò ní tó o?" Àwọn tó máa ń yára dáhùn ti nawọ́, Màmá ṣe bí ẹni tí kò rí wọn, wọ́n káwọ́ mọ́ àyà, wọ́n ń dúró. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ débi pé èmi tí mo wá wòran ni ara ń ta. Ìgbà tó yá, ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní kò ní tó, nítorí ohun tó kù kí 3/4 di odidi ju 1/8 lọ. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ni, n kò ní ohun tí mo fẹ́ fi ìdá ṣe, ṣùgbọ́n mo mú ìdúró yẹn lọ sí kíláàsì tèmi. Kí àwọn ọmọ tó sọ bóyá gbólóhùn abọ́dé, tó ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan, ni tàbí oníbọ̀, tí gbólóhùn mìíràn wà nínú rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀, n ó sì dúró títí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ yóò fi lanu.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò bèèrè ta ni yóò wá wo àwọn níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kí onítọ̀hún tó dáyé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìbẹ̀rù tó nídìí ni ti òfófó, nítorí kò sí ohun tó ń tètè tàn ní yàrá àwọn olùkọ́ bí àṣìṣe ẹlẹgbẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá lọ wo ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kọ ìwé kankan fún ọ̀gá, ọ̀gá ilé-ìwé fúnra wọn ni kí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn kíláàsì wọn.

Àìtó olùkọ́ ni ìṣòro tó le jù, torí ẹni tó ń mú kíláàsì méjì pọ̀ kò ráyè wo ti ẹlòmíràn. Bí àwọn aláṣẹ bá lè fi píríọ́dù kan péré fún wíwo ara wa sínú àtẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ilé-ìwé tó súnmọ́ra, bíi ti Òmù-Àrán àti Arándùn, máa ran ara wọn lọ́wọ́, yóò ṣeé ṣe. Ní tèmi, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá láti ilé-ìwé mìíràn lè bá mi ní kíláàsì SS 1 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, píríọ́dù kẹta, kó ṣáà ti kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè Yorùbá kan,
Òmù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwárà.