Ọpọlọ Àbúrò Mi Kò Là Sí Méjì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àpilẹ̀kọ yín lórí schizophrenia, àrùn ọpọlọ tó ń da èrò èèyàn rú, ló mú mi kọ̀wé. Òǹkọ̀wé yín ní ọpọlọ ẹni tó ní in là sí méjì, pé èèyàn méjì ló ń gbénú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Láti ìgbà tí àbúrò mi ọkùnrin ti pé ọmọ 20 ọdún ni àrùn yìí ti ń bá a fínra, ẹyọ èèyàn kan náà ló sì ń jẹ́.

Orúkọ àrùn náà ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Eugen Bleuler, dókítà ará Switzerland, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1908, látinú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì: pípín àti ọkàn. Ohun tó ń sọ ni pé èrò, ìmọ̀lára àti ìṣe aláìsàn kì í bára rìn mọ́.

Gbogbo wa la ní apá òsì àti apá ọ̀tún nínú ọpọlọ. Ìdì fọ́nrán kan, tí fọ́nrán inú rẹ̀ tó nǹkan bíi 200 mílíọ̀nù, ló so wọ́n pọ̀. Kò já lára àbúrò mi. Ọ̀nà tí iṣẹ́ gbà pín ló yàtọ̀. Apá òsì ló ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ sísọ lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Paul Broca, dókítà ará Faransé, ti tẹnu mọ́ ọn láti 1865. Lára àwọn tó ní àrùn yìí, ìyàtọ̀ apá òsì sí ọ̀tún kì í sábà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí èèyàn létí, tí wọ́n sọ "ba" sétí ọ̀tún, "da" sétí òsì lẹ́ẹ̀kan náà, "ba" ni ọ̀pọ̀ máa ń gbọ́, torí apá òsì ọpọlọ ni ohun tí etí ọ̀tún bá gbọ́ máa ń lọ jù. Lára àwọn aláìsàn tó ń gbọ́ ohùn láìrí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, agbára etí ọ̀tún yìí máa ń dínkù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ọ̀rọ̀ inú aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ohùn náà, ọpọlọ ni kò dá a mọ̀ ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n àpapọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n wò kí wọ́n tó rí ìyàtọ̀ yìí. Kò sí dókítà tó lè wo àwòrán ọpọlọ ẹnì kan ṣoṣo kó ní àrùn náà rèé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò mi jókòó sétí ibùsùn, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ dákẹ́." Ó wá yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ wọn?" Mo ní, "Rárá, àmọ́ mo mọ̀ pé ìwọ gbọ́." Ìgbà yẹn ló tó dùbúlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ náà lójú ìwé yín. Àbúrò mi máa ń ka ìwé ìròyìn yín láràárọ̀. Ó ka ti ọjọ́ yẹn náà, ó sì bi mí bóyá ibi tí ọpọlọ òun ti là ṣeé rán.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín